Iyanrìn Inú Ìkòkò

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wó ilé ìdáná.
Ràímì bíríkìlà ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni.
Ọjọ́ mẹ́ta Ràímì, ẹ bá mi kà á:
òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, máńgòrò ti pọ́n káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́,
ògiri mi ò tíì ga ju orúnkún ewúrẹ́ lọ.

Mo kó àdògán sí ọ̀ọ̀dẹ̀.
Ata ń bẹ nínú bàtà àwọn ọmọ,
iyọ̀ ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí ọkọ mi,
kẹ́ẹ̀gì òróró jókòó sórí àga àlejò.
Bí ẹ bá wá kí wa, ẹ dúró.

Eruku ò mọ̀ pé oúnjẹ ni mo ń sè,
ó ń ti ọwọ́ bọ ọbẹ̀ láìfọwọ́.
Oyèlékè fi òkèlè kan sẹ́nu, ó dákẹ́,
ó ní, "Kí ló ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ láàrin eyín mi?"
Mo ní, ilé rẹ ni.
Ilé tó o ní ká tún ṣe. Jẹ ẹ́.

Sàlíù, ọmọ iṣẹ́ wọn, gbé àpò fùláwà mi,
ó kù díẹ̀ kó dà á sórí iyanrìn.
Igbe tí mo ké, ẹyẹ fò lórí igi kajú.
Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìyẹ̀fun náà ni méjèèjì."
Mo rò ó títí,
n ò rí èsì fún un.

Ìbídùn yóò pé ọdún méje lọ́jọ́ Ẹtì,
ó sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé kéèkì ń bọ̀.
Ààrò amọ̀ tí ìyá ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ mọ,
tó fi ń yan búrẹ́dì kí ojú rẹ̀ tó fọ́,
ti di àlàpà.
Nígbà tí òòlù bà á, inú rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri,
bí ẹni pé àná ni iná kú níbẹ̀.

Mo wo ìta. Iyanrìn odò Ọbà, ẹ̀kún típà kan.
Àwọn tó ni iṣẹ́ ń sùn lábẹ́ máńgòrò.
Mo bù ú, mo fi asẹ́ kù ú,
mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin,
èédú lábẹ́, èédú lórí ìdérí.
Bọ́tà. Ṣúgà. Ẹyin márùn-ún
(ìkẹfà wà lábẹ́ bàtà káfíńtà),
nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí mo rin lára àjákù páànù
tí mo fi ìṣó lu lójú.

Wọ́n jí. Níta, wọ́n ń pò; nínú ilé, mo ń pò.
"Omi díẹ̀ sí i!" Ràímì pariwo,
mo bu omi sí tèmi,
n ò mọ ẹni tó ń bá wí.

Iyanrìn.
Láti kékeré ni mo ti ń pè é,
n ò gbọ́ yíyan tó wà nínú orúkọ rẹ̀ rí,
àfi ìgbà tí òórùn náà dìde,
tó gba ihò fèrèsé tí kò ní fèrèsé,
tó bá wọn lórí àkàbà.
Ṣọ́bìrì dákẹ́.
Ràímì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀,
ó ní òun fẹ́ẹ́ wò ó bóyá ilẹ̀ tẹ́jú.
Ilẹ̀ kẹ̀!

Mo gé e fún un. Ìdí rẹ̀ jó, n ò ní purọ́,
apá òsì sì dagun bí ògiri tí a ò ta okùn sí.
Ó jẹ ẹ́, ó lá ìka,
ó ní, "Ìyá Ìbídùn, ṣé iyanrìn iṣẹ́ lẹ lò?"
Mo ní, owó ta ló rà á?

Lọ́jọ́ kejì, ògiri dé èjìká mi kí oòrùn tó kan àtàrí.
Mo da iyanrìn inú ìkòkò padà sórí òkìtì,
wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọ́n fi rẹ́lé.
Ìbídùn ń fi imú kan ògiri kiri,
ó ní òun ń gbóòórùn nọ́tímẹ́ẹ̀gì.
N ò já a nírọ́.
Ilẹ̀kùn ò tíì dé.
Ewúrẹ́ aládùúgbò ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.